Ẹ̀wà ló yẹ kó jókòó sáàyè ẹran, kì í ṣe ẹ̀fọ́

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, Ìdí-Àbà ni mò ń gbé ní Abẹ́òkúta. Ó di oṣù márùn-ún báyìí tí mo ti pa ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà tì. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi, ọkàn mi ló kọ̀ ọ́. Mi ò sì fẹ́ oúnjẹ inú agolo àti inú ọ̀rá. Ohun tó bá tọ́wọ́ oko wá ni mo fẹ́ máa sè. Àmọ́ láfún àti ewédú ni mò ń jẹ lójoojúmọ́ ayé, ó sì ti ń sú mi. Ó ń rẹ̀ mí, irun mi ń já, ó sì máa ń dà bíi pé èèrà ń rìn látẹ́lẹsẹ̀ mi tí mo bá dùbúlẹ̀ lálẹ́. Màmá mi ní Aké ní ebi ni mò ń fi pa ara mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa da irú sọ́bẹ̀ dáadáa, pé kò sí fítámìn inú ẹran tí kò sí nínú irú. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni mo lè máa jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, tí owó oṣù olùkọ́ á lè gbé? Mo tún ní ọmọ ọdún méjì tó ń bá mi tọwọ́ bọ àwo."

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ìbéèrè yín pọ̀, ṣùgbọ́n ti èèrà àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn ni kò ṣe é sún di ọ̀la, òun ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ ní kí wọ́n yẹ PCV wò, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára; ẹ ní kí wọ́n yẹ fítámìn B12 wò, èyí tó ń bá ẹran àti wàrà wọlé, tí iṣan ara kò lè ṣe aláìní; kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ náà, torí àtọ̀gbẹ a máa mú kí ẹsẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ká sòótọ́, oṣù márùn-ún kéré fún àìjẹran nìkan láti dá irú wàhálà yìí sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀ wa máa ń kó B12 pamọ́, ohun tó sì kó pamọ́ lè gbé ẹlòmíràn fún ọdún méjì sí mẹ́ta, kódà kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ta ló kó nǹkan gidi pamọ́ nínú wa? Nínú ilé púpọ̀ ní ìlú yìí, ẹja bọ́ńgà kan ṣoṣo là ń pín sọ́nà mẹ́rin, ẹran tí wọ́n rà lọ́jọ́ Sátidé sì ni wọ́n ṣì ń fi ojú wá nínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ẹni tó bá ti irú ilé bẹ́ẹ̀ jáde pé òun ò jẹran mọ́, àpò òfìfo ló gbé rìnrìn àjò.

Ẹ bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé èmi gan-an kì í se ọbẹ̀ kí n má fi irú sí i, ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún yín yẹn kì í ṣe òótọ́. Ewéko kankan kì í ṣe B12. Màlúù fúnra rẹ̀ kì í ṣe é. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé nínú ikùn màlúù ló ń ṣe é, ibẹ̀ ló ti ń wọnú ẹran àti wàrà. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rẹ́ yín rò ó pé, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ kòkòrò àìfojúrí náà ló ń mú wóró igbá wú tó fi ń di irú, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n á jọ máa ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà nídìí irú kì í ṣe èyí tí èèyàn lè gbọ́kàn lé fún B12. Irú ní púrótéènì, ó ní èròjà irin, ó sì ń mú kí ọbẹ̀ aláìléran ta sánsán bí ọbẹ̀ ọdún, nítorí náà ẹ má dín in kù. Ṣùgbọ́n kò sí irú, kò sí ògì kíkan, kò sí ẹ̀fọ́ kankan tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ yín dúró lé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Oògùn oníhóró ló kù.

Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ kóra jọ tí wọ́n pe ara wọn ní vegan, ìyẹn àwọn tí kì í jẹ ohunkóhun tó wá lára ẹranko, ọdún 1944 ni wọ́n dá orúkọ yẹn sílẹ̀. Ọdún 1948 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó rí B12 yọ sọ́tọ̀. Ẹ ò rí i pé àwọn aṣíwájú yẹn ti wọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ọkọ̀ náà ò ní búrẹ́ẹ̀kì. Ara àwọn kan nínú wọn sì sọ fún wọn. Ẹ̀yin mọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáká, tó kàn fẹ́ dènà wàhálà, á máa lo ó kéré tán màíkúrógíráàmù 10 lójúmọ́, tàbí 2,000 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ti ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ fíìfíì ju ti ọjọ́ méje lọ. Ìdí ni pé ẹnu ọ̀nà tí ìfun ń gbà mú un wọlé há, díẹ̀ ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù á bá ìgbẹ́ lọ. Ti yín yàtọ̀ díẹ̀: ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín ná, torí tí ẹ bá ti gbé oògùn mì ṣáájú, èsì àyẹ̀wò lè ṣi dókítà lọ́nà. Tó bá wá hàn pé ó ti lọ sílẹ̀ lóòótọ́, tí ẹsẹ̀ sì ti ń ṣe báyìí, abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ ra folic acid àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ní kẹ́míìsì kí ẹ máa dá a lò. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Folic acid á mú kí ẹ̀jẹ̀ padà pọ̀, ojú á máa dán, PCV á dára, gbogbo ilé á ní àdúrà gbà. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sẹ́sẹ̀ á sì máa bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀ nítorí pé B12 ni kò sí. Ẹ̀fọ́ tútù tí ẹ ń jẹ pàápàá kún fún folate, ìyẹn irú folic acid tó wà nínú oúnjẹ, òun náà lè bo àmì yẹn mọ́lẹ̀. Iṣan tó bá sì ti pẹ́ nínú ìbàjẹ́ kì í fìgbà gbogbo padà sípò.

Ó yá, ká wá fàbọ̀ sórí láfún. Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ ò rí i pé wọn ò tiẹ̀ dárúkọ láfún. Ó dá mi lójú pé kò sí Ẹ̀gbá kankan níjokòó lọ́jọ́ tí wọ́n pa òwe náà. Láfún ni wọ́n fi wò mí dàgbà, mo ṣì ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n gbágùúdá ni, okun ló kún inú gbágùúdá, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ tó ṣe é kà. Nínú 100 gíráàmù èlùbọ́ láfún, púrótéènì inú rẹ̀ kì í sábà ju gíráàmù 2 lọ. Obìnrin tó bá wọn kílò 62 nílò bíi 50 gíráàmù lójúmọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹran tàbí ẹja tó wà lójú ọbẹ̀ ló ń tiraka láti mú díẹ̀ wá. Ẹ ní kó dìde, ìjókòó rẹ̀ ṣófo, ẹ wá ní kí ewédú lọ jókòó síbẹ̀. Ewédú dára, ó ní kálísíọ̀mù, ó ní folate, ó ń mú kí òkèlè lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ omi ló pọ̀ jù nínú ṣíbí ewédú, ìjábẹ̀ ò sì lè sọ ewé di ẹ̀wà.

Àṣìṣe tí mo máa ń bá pàdé jù nìyẹn. Ẹni tó bá fi ẹran sílẹ̀ á rò pé ẹ̀fọ́ ló yẹ kó pọ̀ sí i, á wá máa jẹ ẹ̀fọ́ bí ewúrẹ́, ebi á sì tún máa pa á ní aago mẹ́wàá. Ìdílé ẹ̀wà ló ń rọ́pò ẹran: ẹ̀wà pupa àti funfun, sóyà, òtílí, ẹ̀pà; lẹ́yìn wọn ni ẹ̀gúsí àti yànmọ̀tí. Ẹ̀fọ́ ní ìjókòó tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Lórí gbágùúdá ọ̀hún, ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń jẹ láfún lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ gbọ́. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí àìsàn kan tó ń ṣe àwọn ará agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ẹsẹ̀ wọn á máa jó wọn tàbí kó kú, wọ́n á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí wọ́n bá ń rìn, ojú àti etí àwọn mìíràn á sì máa lọ. Gbágùúdá ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, oúnjẹ tó ní púrótéènì kò sì pọ̀ lẹ́nu wọn. Gbágùúdá ní májèlé sáyánáìdì nínú. Ara wa mọ bó ṣe lè pa oró rẹ̀, ṣùgbọ́n inú púrótéènì ló ti ń mú èròjà tó fi ń ṣe é. Ẹni tí kò bá jẹ púrótéènì tó, oró ń wọlé, kò sí ohun tí ara á fi lé e jáde. Mi ò sọ pé òun ló ń ṣe yín o, ilé ìwòsàn ló máa sọ ìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé láfún láìsí ẹ̀wà jẹ́ gbèsè.

Ẹ má sì torí ìyẹn sá fún láfún. Èyí tí wọ́n bá rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin títí tó fi rọ̀, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sì sá dáadáa, oró inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Àwọn tó ń kánjú ọjà, tí wọ́n ń rẹ ẹ́ mọ́jú ọjọ́ kan péré, ni ká sá fún. Ẹ wá oníbàárà kan tí ẹ mọ̀ ní Láfẹ́nwá tàbí ní Kútọ̀, kí ẹ máa rà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan, kí ẹ sì máa bi í léèrè. Bákan náà, ohun tó ṣẹ́ kù lára sáyánáìdì yẹn máa ń dí áyódìn lọ́wọ́, àìtó áyódìn ló sì ń fa gẹ̀gẹ̀. Ẹja òkun tó ń fún yín ní áyódìn tẹ́lẹ̀ ti lọ, iyọ̀ ló kù. Láti ọdún 1993 ni wọ́n ti ń fi áyódìn sí iyọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára, ẹ máa dé e pa, kí ẹ sì máa fi sọ́bẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná. Ẹ má torí áyódìn wá di oníyọ̀ púpọ̀ o.

Kí la wá ń ṣe sí láfún? Àwọn Ọ̀yọ́ ti bá wa yanjú rẹ̀ tipẹ́: gbẹ̀gìrì. Kò sí òfin kankan tó ní Ẹ̀gbá ò gbọ́dọ̀ yá gbẹ̀gìrì lò. Ẹ bó ẹ̀wà, ẹ sè é títí tó fi tú, ẹ fi ìjábẹ̀ jà á tàbí kí ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ata, irú àti epo pupa díẹ̀ sí i. Ẹ bù ú lé láfún, ẹ bu ewédú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Agolo mílíìkì kan ẹ̀wà gbígbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 gíráàmù púrótéènì, nítorí náà ìdajì agolo nínú gbẹ̀gìrì yẹn ti sọ àwo yín di oúnjẹ gidi. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta ẹ̀gúsí lílọ á fún yín ní bíi 8. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan, bíi 7. Kóńgò ẹ̀wà kan súnmọ́ kílò kan àtààbọ̀. Púrótéènì inú rẹ̀ nìkan tó obìnrin kan lò fún bí ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹran tí yóò mú irú iye bẹ́ẹ̀ wá ní Kútọ̀, ẹ ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀wà ní ọ̀nà tí à ń gbà bá a lò. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, ẹ fi omi tuntun sè é. Inú kò ní wú yín tó bẹ́ẹ̀, èròjà irin inú rẹ̀ á sì túbọ̀ wúlò fún ara. Tí inú bá ṣì ń ṣe gbùrùgbùrù, ẹ dín in kù sí ṣíbí díẹ̀ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ìfun mọ̀ ọ́n lára. Kọ́ún tí a máa ń jù sí i kó lè tètè rọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ó ń ba fítámìn B1 jẹ́. Ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ díẹ̀ kò bà mí lẹ́rù, èyí tó ń dán tí kò sí àmì kòkòrò kan ṣoṣo lára rẹ̀ lóṣù kẹfà ni mo máa ń bẹ̀rù. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Sóyà ló ga jù nínú ìdílé yẹn: púrótéènì rẹ̀ kọjá ìdá mẹ́ta ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣe é jẹ láìjinná. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí inú dà púrótéènì, iná ló ń pa á. Ẹ sè é dáadáa kí ẹ tó lọ̀ ọ́, kódà tó bá jẹ́ ẹ̀kọ ọmọ lẹ fẹ́ pò ó mọ́. Wàrà sóyà tí wọ́n ń dín lójú pópó, ohun iyì ni. Ẹ ra èyí tí wọn ò tíì dín, ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ ata, á mu ata bí ẹran ṣe ń mu ún. Òtílí ní tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di oúnjẹ ìtàn nítorí pé ó ń jẹ iná. Tí ẹ bá rí i, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ sì sè é lọ́jọ́ tí ẹ bá ráyè.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́dọ̀ dé kíláàsì láàárọ̀ kùtù, ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ ti ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yín. Ẹ rẹ ẹ̀wà púpọ̀, ẹ bó apá kan, ẹ lọ̀ ọ́ sí mọ́ínmọ́ín àti àkàrà, ẹ se apá kejì tèèpotèèpo. Mọ́ínmọ́ín ewé tí kò ní ẹyin, tí kò ní ẹja, tí ẹ fi tàtàṣé, àlùbọ́sà àti ẹ̀pà lílọ díẹ̀ sí, kò ní kó ìtìjú bá yín. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ mu ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ fi mọ́ínmọ́ín méjì tì í. Ògì bàbà ni kí ẹ máa rà, kí ẹ sì mọ̀ pé sísẹ́ tí wọ́n ń sẹ́ ògì ti kó èèpo ọkà àti díẹ̀ nínú púrótéènì rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ̀kọ láìsí àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín kì í ṣe oúnjẹ àárọ̀, omi gbígbóná ni. Lọ́sàn-án, ẹ gbé àdàlú sínú kúlà lọ síbi iṣẹ́. Àgbàdo àti ẹ̀wà ń ran ara wọn lọ́wọ́: ohun tí púrótéènì ọ̀kan kò ní ni èkejì ní. Kò sì pọn dandan kí wọ́n pàdé nínú abọ́ kan náà. Bí wọ́n bá ti pàdé nínú yín kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti tó. Gúgúrú tí òwe yẹn fi ṣẹ̀sín náà ńkọ́? Odidi ọkà ni, kò sẹ́ni tó sẹ́ nǹkan kan kúrò lára rẹ̀. Gúgúrú àti ẹ̀pà nígbà ìsinmi àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ dára ju bisikíìtì lọ jìnnà. Ẹ kàn ṣa ẹ̀pà tó bu tàbí tó korò dànù, ẹ má gbé e mì, torí oró tó wà nínú bíbu yẹn ń bá ẹ̀dọ̀ jà.

Lálẹ́ ni kí láfún dé, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ẹ̀gúsí se gbúre àti ṣọkọ. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ jẹ èkuru pẹ̀lú ata dídín. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀dùnkún sísè àti ẹ̀wà rírọ̀. Ìrẹsì ọ̀fàdà wà fún ìparí ọ̀sẹ̀. Ọ̀fàdà kò jìnnà sí wa, Ọbáfẹ́mi-Owódé níbí ni, Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ wa ní Alábàtà pàápàá ti bí irúgbìn rẹ̀ tuntun jáde. Èyí tí wọn ò bá bó jù ṣì ní èèpo inú rẹ̀ lára, ibẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ wà. Wàhálà ibẹ̀ ni ọbẹ̀ rẹ̀, tó kún fún ṣàkì àti ẹyin. Ẹ se tiyín: ata tútù, rodo, àlùbọ́sà púpọ̀, irú wóró, epo pupa. Ẹ má jẹ́ kí epo yẹn gbóná títí tí á fi funfun. Àwọ̀ pupa yẹn ni fítámìn A yín, tó bá ti funfun, ẹ ti fi iná lé e lọ. Tí òjò bá dé, ẹ wá olú lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ má fúnra yín ṣa á nínú igbó.

Ní ti àárẹ̀ àti irun, ó ṣeé ṣe kí èròjà irin wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù nílò mílígíráàmù 18 lójúmọ́, ọkùnrin 8 péré. Irin inú ewé àti ẹ̀wà kì í tètè wọ ara bí ti ẹran, ṣùgbọ́n fítámìn C máa ń tì í wọlé. Ẹ jẹ ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ lẹ́yìn ẹ̀wà. Gúrófà tiẹ̀ dára jù, fítámìn C inú rẹ̀ tó bí ìlọ́po mẹ́rin ti ọsàn, ẹyẹ ló sì ń jẹ ẹ́ tán lẹ́yìnkùlé wa. Tíì ni kí ẹ jìnnà sí nídìí oúnjẹ. Ó ń di irin mú. Kí wákàtí kan kọjá kí ẹ tó mu ún. Ẹ tún wo bí ẹ ṣe ń se ẹ̀fọ́: à ń bọ̀ ọ́, à ń fún un gbirigbiri, a ń da omi rẹ̀ nù, fítámìn C àti folate a sì bá omi lọ. Fún tẹ̀tẹ̀, mo gbà kí ẹ bọ̀ ọ́ díẹ̀, torí ó ní nǹkan kan tó ń di kálísíọ̀mù mú, omi sì ń fọ̀ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ ugwu àti ṣọkọ, ẹ kàn fọ̀ wọ́n, ẹ rẹ́ wọn, ẹ jù wọ́n sínú ọbẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó kù.

Àwọn ìyókù ò le. Kálísíọ̀mù wà nínú ewédú, yànmọ̀tí àti wàrà sóyà. Oòrùn Abẹ́òkúta ń bá yín ṣe fítámìn D bí ẹ bá ń rìn nínú rẹ̀. Ọ̀rá rere tí wọ́n ń torí rẹ̀ yin ẹja, omega-3, àsálà ní irú rẹ̀ kan. Lásìkò rẹ̀, ẹ máa jẹ mẹ́rin, márùn-ún lójúmọ́, kí ẹ má bínú sí ìkorò rẹ̀.

Níta ni ẹran ti máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ̀fọ́ bùkà ní omi ẹran nínú, gbẹ̀gìrì wọn ní ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti rún, mọ́ínmọ́ín wọn ní edé, búrẹ́dì míràn ní wàrà àti bọ́tà. Àkàrà lásán ni ẹ lè fọkàn tán jù, kódà ẹ bi alákàrà bóyá òróró tó fi dín ẹja lánàá ló wà lórí iná. Ẹ ka ara páálí magí kí ẹ tó rà á, àwọn kan ní adìẹ àti edé nínú. Lóde ìnáwó, mo máa ń gba àwọn tí kì í jẹran nímọ̀ràn pé kí wọ́n jẹun yó kúrò nílé, kí wọ́n lọ jẹ èso níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí alásè yọ ẹran kúrò nínú ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kò mọ ohun tí wọ́n fi se é.

Ọmọ yín. Níbí ni mo ti máa le díẹ̀. Ikùn ọmọ ọdún méjì kò tóbi, láfún àti ewédú á kún un kí ohun tó nílò tó wọlé. Ẹ̀kọ lásán ti sọ ọmọ púpọ̀ di alárùn àìjẹunrekánú nílẹ̀ yìí, òun ló mú kí ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Ọ̀ṣọ́dì, FIIRO, gbé soy-ogi jáde, ìyẹn ògì tí wọ́n po sóyà mọ́. Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ nílé: ìyẹ̀fun sóyà tó ti jinná, ẹ̀pà lílọ, sínú ògì tó ki. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé kí ẹ má tíì yọ ẹyin àti ẹja kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ yan ọ̀nà yìí fún ara yín, òun kò tíì lè yàn. Tí ọkàn yín bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé kí wọ́n kọ B12 tirẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Ẹ má bu oògùn yín fún un.

Màmá tó wà ní Aké kò jẹ̀bi. Wọ́n rí ọmọ wọn tó ń rù, tí irun rẹ̀ ń já, kí ni kí wọ́n sọ? Tó bá di Sátidé lẹ́yìn tí ẹ ti gba ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé láfún, gbẹ̀gìrì, ewédú àti ata dídín onírú tọ̀ wọ́n lọ, kí ẹ gé wàrà sóyà sínú ata náà. Ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan kí wọ́n tó fọwọ́. Kí ẹ sì fi èsì ilé ìwòsàn ránṣẹ́ sí mi kó tó di pé a tún sọ̀rọ̀ irun.